Ìwé oṣù méjìlá: bí ọmọ Òkun ṣe lè fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́

Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ní Màràràbá kó lè rí mọ́tò wọ Àbújá, tó tún ń wọlé padà ní aago mẹ́jọ alẹ́, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún òun pé iṣẹ́ oṣù ń jẹ ayé ènìyàn. Ọ̀nà àbájáde ló ń wá. Ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni pé ẹni tó bá pé 60 ọdún, tàbí ẹni tó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, ni kó lọ sinmi; láti 2022 ni ti àwọn olùkọ́ ti di 65 tàbí 40. Àlàyé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bí ẹni 45 sí 52 ọdún, kó padà sí Kàbà, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Odò-Ẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Òkun, ìpínlẹ̀ Kogí, kó sì máa gbé ibẹ̀ láì di ẹrù sọ́rùn ọmọ.

Ohun èlò àkọ́kọ́ kò ju ìwé kan àti bírò lọ. Ẹ fa ìlà méjìlá sórí ìwé náà, láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Ní apá ọ̀tún ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye tí ilé yín ń ná lóṣù yẹn. Ní apá òsì, ẹ kọ owó tó ń wọlé lóṣù yẹn bí ẹ kò tilẹ̀ yọjú síbi iṣẹ́. Oṣù tí apá òsì rẹ̀ bá tó apá ọ̀tún ti di tiyín. Èyí tó bá ṣófo, ọ̀gá ló ṣì ni ín. Ẹni tí oṣù mẹ́rin bá ti di tirẹ̀ mọ̀ pé òun ti rin ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà, ó sì mọ oṣù tó kàn tí òun fẹ́ gbà.

Ìdí tí a fi ń ka oṣù dípò mílíọ̀nù nìyí. Ní 1994, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Bengen ṣe ìṣirò kan tí àwọn tó ń wá ọ̀nà àtitètè sinmi ń lò títí dòní: ẹni tó bá ní ìlọ́po 25 ohun tó ń ná lọ́dún, tó yọ ìdá 4 nínú 100 lọ́dún kìíní, tó sì ń fi díẹ̀ kún un bí ọjà ṣe ń wọ́n, owó náà á gbé e fún 30 ọdún. Orí ọjà ìpín àti bọ́ǹdì (owó tí a yá ìjọba kó lè máa san èlé lé e) ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìṣirò náà dúró sí. Ní tiwa, ọ̀wọ́ngógó ọjà jẹ́ 34.80 nínú 100 ní oṣù kejìlá 2024. Ẹni tó ka owó rẹ̀ ní 2022 tó rò pé ó ti tó, ó rí ohun tí owó náà dà lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Owó nìkan kò ṣeé fẹ̀yìn tì níbí. Ohun tó ń ga bí ọjà ṣe ń ga ni kí ẹ fẹ̀yìn tì: igi eléso, yàrá tí ẹ fi háyà, oúnjẹ tí ẹ kò rà, omi tí ẹ kò sanwó rẹ̀. Ihò tó bá kù ni owó wà láti dí.

Apá ọ̀tún ìwé: kí ni oṣù kan ń jẹ?

Ẹ kọ gbogbo náírà tó bá jáde sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ oṣù kejìlá. Ẹni tó bá fi oṣù kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún ṣe ìṣirò ń tan ara rẹ̀ jẹ, nítorí oṣù kejìlá ni ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìpàdé ìlú àti owó ìdàgbàsókè ń tò léra.

Ká mú ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Owó ilé tí wọ́n ń san ní Àbújá, bí a bá pín in sí oṣù, ₦50,000. Ọkọ̀ wíwọ̀ ₦60,000, oúnjẹ ₦110,000, ilé-ìwé ₦45,000, iná àti epo jẹnẹrétọ̀ ₦35,000, ẹbí àti òde ₦30,000, dátà àti ìpè ₦12,000, oògùn ₦10,000, oríṣiríṣi ₦18,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦370,000. Ẹ wá kọ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ti wà nílé ní Ìyàrà: owó ilé kò sí, ọkọ̀ ₦15,000, oúnjẹ ₦70,000, ilé-ìwé ṣì jẹ́ ₦45,000, iná ₦8,000, dátà ₦10,000, oògùn ₦20,000, àtúnṣe ilé ₦12,000. Ẹbí àti òde wá di ₦45,000.

Ẹ má ṣe rò pé àṣìṣe ni owó ẹbí tó lọ sókè yẹn. Ẹni tó wà l'Ábújá lè fi ₦10,000 ránṣẹ́ sí òkú, kó ní iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun wá. Ẹni tó wà nílé, wọ́n ti gé aṣọ ẹbí dè é kó tó gbọ́ pé ènìyàn kú. Púpọ̀ nínú ìṣirò àwọn tó tètè padà wálé, orí ìlà yìí ló ti ń dàrú, torí wọn kò kọ ọ́ rárá. Ẹ kọ ọ́. Kí ẹ sì dá a sí àpò ọ̀tọ̀, kí ẹ lè sọ pé “ti oṣù yìí ti tán” láì purọ́.

Àpapọ̀ ti Ìyàrà jẹ́ ₦225,000 lóṣù. Bí ọmọ bá jáde ilé-ìwé, ó di ₦180,000, ìyẹn ₦2,160,000 lọ́dún. Ẹ rí i pé ₦45,000 ilé-ìwé nìkan ń fa ₦540,000 lọ́dún. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ tó kéré jù ṣì kù ju ọdún mẹ́ta lọ kó tó jáde má tíì kúrò, àfi bí ìyàwó tàbí ọkọ bá ṣì ń gba owó oṣù.

Igi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn, kì í ṣe owó

Igi ń fẹ́ ọdún, owó oṣù ló sì yẹ kó máa bọ́ ọ títí yóò fi dàgbà. Ẹni tó dúró kí iṣẹ́ tán kó tó gbin kajú yóò fi ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ìsinmi rẹ̀ wo igi tí kò so. Ọdún kẹta ni kajú ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èso. Láti ọdún karùn-ún dé ìkeje ló ń so bó ṣe yẹ. Torí náà, ẹni tó fẹ́ kúrò lẹ́ni 50 yẹ kó ti gbin tirẹ̀ nígbà tó jẹ́ 43.

Àlàfo mítà 10 sí mítà 10 ni kí ẹ fi gbìn ín, ìyẹn nǹkan bí igi 40 lórí éékà kan. Ojú àwọn tó ń bá wa gbin nǹkan kì í gba àlàfo yìí, wọ́n á ní ilẹ̀ ṣòfò. Ẹ má ṣe dá wọn lóhùn. Ẹ̀ka tó rí oòrùn ni kajú ń so lé. Bí igi bá fara kan ara wọn lọ́dún kẹjọ, orí nìkan ló máa so, èso á sì dín kù lọ́dọọdún. Ilẹ̀ tí omi ń dúró sí kò dára fún un rárá, ilẹ̀ tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá ló fẹ́, òkúta wẹ́wẹ́ kò sì dí i lọ́wọ́.

Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó jìn ní 60, ní oṣù karùn-ún. Ẹ kó erùpẹ̀ òkè sí ọ̀tọ̀, ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà, ẹ dá a padà, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ da kóró sínú omi. Èyí tó bá léfòó, ẹ dà á nù. Ẹ gbin kóró méjì sí mẹ́ta sínú ihò kọ̀ọ̀kan ní bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sísàlẹ̀, kí ibi tó ti so mọ́ èso wà lókè. Tó bá di oṣù méjì, ẹ fi èyí tó lágbára jù sílẹ̀, ẹ gé ìyókù, ẹ má fà wọ́n tu, kí gbòǹgbò èyí tó kù má baà mì. Ẹni tó fẹ́ ra ọmọ igi lè béèrè ní CRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó ní Ìbàdàn, tí kajú wà lábẹ́ àkóso wọn. Wọ́n ní ẹ̀ka ní Òchájà, ní ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí níbí.

Ta ni yóò máa ro oko nígbà tí ẹ wà l'Ábújá? Ẹ bá ẹnì kan nílé ṣe àdéhùn pé kó máa gbin iṣu, ẹ̀gúsí, ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà sáàárín igi fún ọdún mẹ́ta. Tirẹ̀ ni gbogbo ohun tó bá kórè. Tiyín ni pé kó máa ro ìdí igi kọ̀ọ̀kan ní mítà kan yíká. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kò gbọdọ̀ gbin ẹ̀gẹ́ sí i, torí ẹ̀gẹ́ ń bá ọmọ igi du oúnjẹ ilẹ̀, wíwú rẹ̀ sì ń gé gbòǹgbò. Láti ọdún kẹrin, òjìji á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo ilẹ̀, kò ní rí oko dá mọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún un. Ẹ jẹ́ kí ó mọ èyí láti ọjọ́ kìíní.

Ọ̀tá kajú méjì ló ga jù. Iná ọyẹ́ ni àkọ́kọ́. Kí oṣù kọkànlá tó parí, ẹ ro ìlà tó fẹ̀ tó mítà mẹ́fà yí oko ká, títí dé erùpẹ̀, kí ẹ sì gbá ewé gbígbẹ kúrò lábẹ́ igi. Ọdún méje lè jóná láàárín wákàtí kan nítorí ẹnì kan tó ń lépa òkété. Ìkejì ni kòkòrò agégi. Ẹ ó rí ẹ̀ka tó nípọn bí apá ènìyàn tí a gé ní òrùka yíká, mínímíní bí ẹni fi ayùn gé e, tó sì já bọ́ sílẹ̀ tàbí tó rọ̀ dirodiro lára igi. Ìyá kòkòrò náà ló gé e: inú ẹ̀ka tó gé yẹn ló yé ẹyin sí, ibẹ̀ sì ni ọmọ rẹ̀ yóò ti máa jẹ igi gbígbẹ náà títí yóò fi jáde. Àwọn ènìyàn máa ń fi ẹ̀ka náà sílẹ̀ nínú oko pé igi ìdáná ni. Ìdílé kòkòrò ni wọ́n ń tọ́jú yẹn. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ, ẹ dáná sun ún lẹ́yìn odi oko láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kejì, ẹ ó sì rí i pé ọdún tó tẹ̀ lé e yóò yàtọ̀.

Ìkórè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, ó ń parí ní oṣù karùn-ún. Ẹ jẹ́ kí èso já bọ́ fúnra rẹ̀. Kóró tí a ká lórí igi kò gbó. Ẹ yọ ọ́ lára èso lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ sá a fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lórí símẹ́ǹtì tàbí tapólìnì, ẹ máa yí i. Bí ẹ bá mi ìkúnwọ́ kan tó sì ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, tí èékánná kò sì lè tẹ ara rẹ̀ wọlé, ó ti gbẹ. Àpò ìdọ̀họ ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe àpò ọ̀rá, torí ọ̀rá máa ń jẹ́ kó làágùn, àwọn tó ń rà á á sì gé owó yín.

Ká ní ẹ ní éékà márùn-ún, igi 200, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fún yín ní kílò márùn-ún: ẹgbẹ̀rún kan kílò nìyẹn. Kí ìṣirò lè rọrùn, ká pe kílò kan ní ₦1,000. Mílíọ̀nù kan náírà wọlé. Ẹ yọ owó ìroko ẹ̀ẹ̀mejì, owó àwọn tó ń ṣà á, owó ọdẹ àti owó ọkọ̀, ká pè é ní ₦350,000. Ó ku ₦650,000. Lórí ìwé yín, oṣù mẹ́ta àti ààbọ̀ ti di tiyín.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan tó ti sọ ọ̀pọ̀ olóko di alágbàṣe nínú oko ara rẹ̀. Láti oṣù kẹwàá, àwọn oníṣòwò á máa wá pẹ̀lú owó lọ́wọ́, wọ́n á ní àwọn fẹ́ san owó kajú tí kò tíì yọ òdòdó. Iye tí wọ́n ń san kéré gan-an sí ti oṣù kẹta. Ẹni tó bá gbà á lọ́dún yìí ni yóò tún gbà á lọ́dún tó ń bọ̀, torí kò ní rí owó oṣù kẹta ná mọ́. Ẹni tí bọ́ǹdì bá ń wọlé fún ní oṣù kẹwàá kò ní tajà fún wọn. A óò dé ibẹ̀.

Ní ti kòkó, ibi tí odò tàbí àfonífojì tó tutù bá wà nìkan ni kí ẹ dán an wò, torí ẹ̀ẹ̀rùn wa gùn jù fún un. Àǹfààní rẹ̀ ni pé oṣù kẹwàá sí kejìlá ló ń mú owó ńlá wá, àsìkò tí ti kajú ti jìnnà. Ọ̀pẹ ńkọ́? Irú tẹ́nẹ́rà, mítà mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án, ó ń so láti ọdún kẹta tàbí ìkẹrin. Igi 20 tó fún epo ìdílé kan, pẹ̀lú èyí tí ẹ ó tà díẹ̀.

Ilẹ̀

Igi kajú jẹ́ ẹ̀rí pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín, gbogbo ẹbí ló sì mọ èyí. Ẹ má ṣe gbin igi sórí ilẹ̀ tí wọ́n yá yín dá oko iṣu. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ bàbá yín, ẹ pe olórí ẹbí, ẹ rìn yí ilẹ̀ náà ká pẹ̀lú rẹ̀ àti àwọn tí oko wọn bá tiyín pààlà lọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kọ ìwé, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i, àwọn arákùnrin àti arábìnrin yín pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí asọ̀wọ̀n-ilẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ wọn ilẹ̀ náà. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, ìjọba ìbílẹ̀ lè fún yín ní ìwé ẹ̀tọ́ ìgbélẹ̀ ti ìbílẹ̀ fún ilẹ̀ oko. Ẹ gbà á nígbà tí kò sí ìjà. Ẹni tó gba ìwé lẹ́yìn tí ìjà dé kò rí ohun tó gbà.

Nítorí ààbò, ẹ má ṣe ra oko tó jìn sí ojú ọ̀nà nítorí pé ó pọ̀ lówó kékeré. Éékà méjì tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé, tí àwọn mìíràn ń dá oko yí ká, sàn ju éékà 20 tí ẹ ń bẹ̀rù láti lọ. Owó ọdẹ ìlú wà lára owó oṣù yín, ẹ kọ ọ́ sápá ọ̀tún.

Ilé tó ń ṣiṣẹ́

Ní ìlú wa káàkiri, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà tí a ń ṣí ní oṣù kejìlá nìkan. Ó dùn mọ́ni lójú, ó sì jẹ́ ẹ̀yẹ fún ẹbí, ṣùgbọ́n owó tó wà nínú rẹ̀ ni owó tí ì bá ti jẹ́ kí ẹni náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Yàrá mẹ́ta tó fún ẹni tó fẹ́ sinmi. Bí ẹ bá ní owó ju ìyẹn lọ, ẹ kọ́ yàrá mẹ́rin tí wọ́n á máa háyà sí Kàbà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti òṣìṣẹ́ ti ń wá ilé. Ká ní ₦80,000 lọ́dún ni yàrá kan: ₦320,000, ẹ yọ ₦50,000 fún àtúnṣe, ó ku ₦270,000, oṣù kan àti ààbọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa san án ní oṣù kẹsàn-án, torí ebi oṣù kẹjọ máa ń wọ̀ ọ́.

Omi orí òrùlé ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Òjò tó rọ̀ ní mìlímítà kan sórí òrùlé tó fẹ̀ ní mítà 10 sí 10 jẹ́ lítà 100. Òjò ńlá kan tó jẹ́ mìlímítà 20, bí a bá yọ èyí tó ta sílẹ̀ kúrò, yóò kún táǹkì lítà 1,500. Láti oṣù kẹrin dé ìkẹwàá, omi fífọ aṣọ, omi ìwẹ̀ àti ti adìyẹ kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ òrùlé kẹ́ ẹ tó darí rẹ̀ sí táǹkì. Ní ti sólà, ẹ rà á nígbà tí ẹ ṣì ń gba owó oṣù. Iná ₦8,000 tí a kọ sí ti Ìyàrà lókè yẹn kò ṣeé ṣe láìsí i.

Bọ́ǹdì: bí owó ṣe lè wọlé lóṣooṣù

DMO, àjọ tó ń bójú tó gbèsè ìjọba àpapọ̀, ń ta bọ́ǹdì àfipamọ́ fún ará ìlú láti 2017. ₦5,000 ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ lè fi ₦1,000 sí ₦1,000 lé e, kó má ju mílíọ̀nù 50 lọ. Ti ọdún méjì wà, ti ọdún mẹ́ta wà. Oṣooṣù ni wọ́n ń ta á, ọ̀dọ̀ àwọn aláròóbọ̀ ìpín tí DMO fọwọ́ sí ni ẹ ti máa rà á, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni èlé rẹ̀ sì ń wọ àkáǹtì.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta yẹn ló ṣe pàtàkì. Bọ́ǹdì tí ẹ rà ní oṣù kìíní ń sanwó ní oṣù kẹrin, ìkeje, ìkẹwàá àti oṣù kìíní. Èyí tí ẹ rà ní oṣù kejì ń sanwó ní ìkarùn-ún, ìkẹjọ, ìkọkànlá àti ìkejì. Èyí tí ẹ rà ní oṣù kẹta ń sanwó ní ìkẹfà, ìkẹsàn-án, ìkejìlá àti ìkẹta. Ẹni tó ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fi èlé bo oṣù méjìlá. Ó wá kù kí ẹ wo ìwé yín: owó kajú ń gbẹ ní oṣù kẹfà, kòkó kò tíì dé, àwọn oníṣòwò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn ní ìkẹwàá. Torí náà, ẹ jẹ́ kí èyí tí ẹ rà ní oṣù kẹta àti oṣù kìíní pọ̀ ju ti oṣù kejì lọ.

Mélòó ló tó? Ìdílé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ń ná ₦2,160,000 lọ́dún. Kajú gbé ₦650,000, yàrá gbé ₦270,000. Ó ku ₦1,240,000. Bí èlé bá jẹ́ 15 nínú 100, mílíọ̀nù mẹ́jọ àti díẹ̀ á mú un wá, ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà. Bí ẹ bá jẹ gbogbo èlé, owó ìdí rẹ̀ yóò dúró sójú kan nígbà tí ìrẹsì ń gòkè. Ẹ jẹ ìdajì, ẹ fi ìdajì ra òmíràn. Ìyẹn sọ ọ́ di mílíọ̀nù 16.5. Ìdílé tó ń ya ₦150,000 sọ́tọ̀ lóṣù, ₦1,800,000 lọ́dún, yóò dé ibẹ̀ láàárín ọdún mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Èlé ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n á fi bá ọ̀wọ́ngógó jà, a kò kà á sí èrè. Láìsí igi àti yàrá, ìlọ́po 25 ti Bengen ì bá béèrè mílíọ̀nù 54 lọ́wọ́ wọn.

Owó oṣù mẹ́fà gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tí ẹ lè fọwọ́ kàn nígbàkígbà. Láti 2024, bí báǹkì ńlá bá wó, mílíọ̀nù márùn-ún ni NDIC, àjọ adójútòfò owó inú báǹkì, ń dá padà fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Ti báǹkì kéékèèké jẹ́ mílíọ̀nù méjì. Ẹ má ṣe kó jù bẹ́ẹ̀ lọ síbì kan. Gbèsè gbogbo, pàápàá ti orí fóònù, ni kí ẹ kọ́kọ́ san, torí kò sí bọ́ǹdì tí èlé rẹ̀ tó tiwọn. Àwọn tó sì ń ṣèlérí ìdá 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù kan, ẹ rántí MMM ní oṣù kejìlá 2016, ẹ rántí CBEX ní oṣù kẹrin 2025. Owó ìfẹ̀yìntì ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ síbẹ̀, ó sì ń dùn wá títí dòní.

Owó ìfẹ̀yìntì tó wà lọ́dọ̀ PFA

Lábẹ́ òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014, òṣìṣẹ́ ń dá ó kéré tán ìdá 8, agbanisíṣẹ́ ìdá 10, sínú RSA, ìyẹn àkáǹtì ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ náà, tó wà lọ́dọ̀ PFA, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láì tíì pé 50, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí kò ríṣẹ́ mìíràn, lè gba ìdá 25 nínú 100 ohun tó wà níbẹ̀. Ìyókù ń dúró dè é di 50. Torí náà, ẹ má ṣe kọ owó yìí sí apá òsì ìwé yín fún ọdún tó ṣáájú 50. Igi àti bọ́ǹdì ni afárá tí ẹ ó gbà kọjá. Tí ẹ bá pé 50, ẹ lè gba díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìyókù máa wọlé lóṣooṣù: ìlà méjìlá ni ẹ ó kọ ọ́ sí nígbà náà.

Ohun tó ń dá owó yìí dúró jù ni orúkọ. Bí NIN bá sọ pé Olúṣọlá, tí BVN sọ pé Shola, tí RSA sì sọ pé Olusola S., ẹ lè máa lọ máa bọ̀ fún oṣù púpọ̀. Ẹ tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, orúkọ àti ọjọ́ ìbí, nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wo àkọsílẹ̀ RSA láti rí oṣù tí agbanisíṣẹ́ kò san, kẹ́ ẹ sì béèrè rẹ̀ kó tó di pé ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi ìwé ìgbàṣiṣẹ́, ìwé ìgbéga àti ìwé owó oṣù tó kẹ́yìn pamọ́ sínú fáìlì kan.

Ìṣegùn tí iléeṣẹ́ ń san fún yín yóò parí lọ́jọ́ tí ẹ bá kúrò. Òfin NHIA ti 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn, ìpínlẹ̀ Kogí sì ní àjọ tirẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò. Kẹ́ ẹ sì béèrè ilé ìwòsàn tó wà lórí ìwé wọn nítòsí yín, torí ẹni tó wà ní Ìsánlú kò gbọdọ̀ máa lọ sí Lọ́kọ́ja nítorí ibà.

Ẹ dán an wò ní oṣù kẹjọ

Gbogbo ènìyàn ló mọ bí ilé ṣe dùn ní oṣù kejìlá. Ẹ gba ìsinmi ọdún yín ní oṣù kẹjọ dípò rẹ̀, nígbà tí òjò ń rọ̀, tí iṣu tuntun wà ṣùgbọ́n tí owó kò sí, tí àwọn ọ̀rẹ́ yín wà l'Ékòó. Ẹ gbé ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pẹ̀lú ₦180,000 yẹn nìkan. Ẹ fi ATM yòókù sílẹ̀ ní Àbújá. Bí owó bá tán lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ padà sí apá ọ̀tún ìwé. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kejì ni ọwọ́ yín ti dilẹ̀ tí ara sì ń yún yín, ẹ ronú lórí ohun tí ẹ ó máa ṣe láàárọ̀: oko ẹ̀fọ́, kíláàsì ọmọdé, ẹ̀ṣọ́ ìlú, aṣọ híhun. Ẹ jẹ́ kí ọkọ tàbí ìyàwó wà níbẹ̀ pẹ̀lú yín, torí ẹnì kan kò lè dán ilé wò fún ẹnì kejì.

Ní ti ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, ẹ ka ìwé ìgbàṣiṣẹ́ yín: ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń béèrè ìfitónilétí oṣù kan sí mẹ́ta, iṣẹ́ ìjọba ń béèrè oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ẹ ka á sẹ́yìn kí ọjọ́ ìkẹyìn lè bọ́ sí òpin oṣù kìíní. Nígbà náà, kajú ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó sì wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n. Owó rẹ̀ á gbé yín dé oṣù karùn-ún. Òpin oṣù karùn-ún náà ni oṣù mẹ́rin ti RSA ń pé; ẹni tí kò bá tíì pé 50 lè kó fáìlì rẹ̀ lọ bá PFA lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹfà, kí ìdá 25 rẹ̀ lè máa bọ̀ lọ́nà nígbà tí ebi oṣù keje bá ń kanlẹ̀kùn.